Oògùn Tí Mọ́mì Yọ Nínú Báàgì

1
"Mọ́mì, ẹ fún mi l'óògùn mi."

"Mi ò fún ẹ."

"Ọkọ̀ tó ń lọ Okrika ti fẹ́ kún."

"Kó kún. Ṣé o fẹ́ kí ìyá ọkọ ẹ tú báàgì ẹ, kó bá oògùn wárápá ńbẹ̀?"

"Mọ́mì, Tonye ti..."

"Má dárúkọ Tonye fún mi. Ọjọ́ mẹ́ta péré lo máa lò ńbẹ̀. Ta ni ọjọ́ mẹ́ta pa rí?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ má tíì fi ránṣẹ́ síbòmíì. Ẹ kà á débi tó parí sí ná, ìsàlẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

2
Ọlábísí lorúkọ ìyá yẹn, ó ń ta ike l'Elelenwo. Ayọ̀fẹ́mi lọmọ ẹ̀, ó ń ránṣọ l'Eliozu. Láti kékeré ni wárápá ti ń gbé e ṣánlẹ̀. Dókítà fún un l'óògùn, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, ó ní kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan. Ọmọ yẹn ń lò ó. Ọdún mẹ́fà gbáko, kò ṣubú lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ sì mọ̀ wá, àwa Yorùbá. Ká tó fọmọ fọ́kọ, a á wádìí: ṣé kò sí wárápá nílé yẹn, ṣé kò sí wèrè. Ọlábísí alára ti torí ẹ̀ lé ọmọ ọlọ́mọ kan tí Adégbénga, àkọ́bí ẹ̀, mú wá sílé. Ó wá rò pé bí òun ṣe rí ni gbogbo ayé rí.

3
Tonye ni àfẹ́sọ́nà Ayọ̀fẹ́mi. Ibinabo, ìyá Tonye, ló ní kí Ayọ̀fẹ́mi wá bá àwọn dáná ìrántí bàbá ọkọ òun. Ayọ̀fẹ́mi dé Okrika, ìlú àwọn Tonye, ní Tọ́sìdè. Ó wọ kẹ́míìsì, wọ́n ní oògùn yẹn di Mọ́ńdè. Tonye wà lẹ́nu iṣẹ́ lórí òkun, fóònù ẹ̀ ò wọlé. Ọ̀rọ̀ tí Ọlábísí sọ ò jẹ́ kí Ayọ̀fẹ́mi lè sọ fún ẹlòmíì. Ní Fúráídè ó pe ìyá ẹ̀.

"Mọ́mì, mi ò sùn. Ọwọ́ mi ń já pàtì pàtì."

"Ọ̀la kọ́ lò ń bọ̀ ni? Fara dà á. Má tẹ́ mi níwájú àna."

4
Lọ́jọ́ kẹta, ó dúró ti ìkòkò epo, ó ń dín ẹja. Ibinabo bá a sọ̀rọ̀, kò dáhùn. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó ti ṣubú lu epo gbígbóná.

Ọlábísí sáré dé ọsibítù. Ó ní, "Ẹ má bínú, àna mi. Irú ẹ̀ ò ṣe é rí. Ó rẹ̀ ẹ́ lásán ni."

Ibinabo wò ó. "Mama Ayọ̀, Tonye don tell me since last year. Where the medicine?"

Inú pọ́ọ̀sì Ọlábísí ni oògùn náà wà. Kò lè ṣí i.

5
Wárápá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ranni. Oògùn ẹ̀ kì í ṣe oògùn ẹ̀fọ́rí, tára bá ti fúyẹ́ kéèyàn pa á tì. Bí ò bá ṣe dókítà ló ní kẹ́ ẹ dín in kù, ẹ má fo ọjọ́ kan, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín tọ́jú ẹ̀ sí pọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá bo àrùn mọ́lẹ̀, kò ní rí oníṣègùn.

Tonye fẹ́ Ayọ̀fẹ́mi, wọ́n ṣègbéyàwó. Ṣùgbọ́n ìka mẹ́ta lẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀, kò lè ránṣọ mọ́. Ọlábísí ṣì ń ta ike ẹ̀.

Ìyá ló ń tijú. Ọwọ́ ọmọ ló san gbèsè ẹ̀.