Lìádì àti Kámẹ́rà Ẹnu Géètì

Àṣehàn ni àrùn tó ń ṣe Lìádì. Bí ó bá ra bàtà tuntun, kò ní sinmi títí ẹnì kan yóò fi bi í léèrè ibi tó ti rà á. Ọmọ Ìwó ni, dírẹ́bà ni ní Jẹ́dà, ó sì ti lo ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ kafíìlì rẹ̀, ìyẹn ọ̀gá ará Saudi tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ìgbélùú rẹ̀. Kafíìlì ló ni mọ́tò ńlá tí Lìádì ń wà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Jẹ́dà nígbà náà, wọ́n á ní mọ́tò Àlàájì Lìádì ni. Lìádì ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Jẹ̀mílátù ìyàwó rẹ̀ wà ní Ìwó, kò sì tíì fojú kàn án láti ìgbà tó ti kúrò nílé. Àfi kí kafíìlì fọwọ́ sí ìwé kí obìnrin náà tó lè wá bá a. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹ̀bẹ̀, bàbá náà gbà pé òun yóò fọwọ́ sí i ní Sátidé kan lọ́dún 1998. Ẹni tó ń dúró de irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ṣe ni ì bá jókòó jẹ́ẹ́. Lìádì kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́.

Ní ọ̀sán Jímọ̀, àwọn ọmọ Yorùbá a máa pàdé ní pápá kan ní Bahra, lójú ọ̀nà Mẹ́kà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti Mẹ́kà a máa gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ Jẹ́dà. Wọ́n á to mọ́tò yí pápá ká, wọ́n á ṣí búùtù, ìrẹsì àti ẹran díndín á sì máa jáde. Ilé ìkẹ́rùsí kafíìlì Lìádì kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni bàbá náà ra kámẹ́rà kékeré kan tí kì í lo wáyà, wọ́n sì gbé e kọ́ sẹ́nu géètì, kí ó lè máa wo ẹni tó ń wọlé lórí tẹlifíṣọ̀n inú ọ́fíìsì rẹ̀ níbẹ̀. Harun ará Ìlọrin, tó ń tún rédíò ṣe ní Bahra, ló bá wọn tò ó.

Lìádì wo kámẹ́rà yìí, ó rò ó pé iyì rẹ̀ ju ẹnu géètì lọ. Láàárọ̀ Jímọ̀ tó ṣáájú Sátidé náà, ó tú u, ó gbé e tọ Harun lọ. Ó fẹ́ kí àwọn tó ń jẹun nídìí búùtù máa wo bọ́ọ̀lù láìdìde. Harun ní kí ó so ó mọ́ igi gíga, kí ó fa iná rẹ̀ láti ara bátìrì mọ́tò, kí ó gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré sínú búùtù, kí ó sì máa yí ìkànnì rẹ̀ títí àwòrán yóò fi mọ́.

"Ṣùgbọ́n Lìádì, àwòrán yìí kì í mọ ẹni tó ni ín," Harun sọ. "Tẹlifíṣọ̀n yòówù tó bá wà nítòsí lè gbé e. Ti ọ́fíìsì bàbá ṣì wà lórí ìkànnì ẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń lọ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Jímọ̀?"

Iṣẹ́ náà yọrí. Àlàájà Hàbíbátù tó ń bu ìrẹsì rí ara rẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n, ó sì fi ẹran méjì kún ti Lìádì. Orí Lìádì wú débi pé bọ́ọ̀lù kò tó o mọ́. Ó dojú kámẹ́rà kọ ara rẹ̀. Ó mú aṣọ ìlékè olówó ńlá tí kafíìlì gbàgbé sínú mọ́tò, ó gbé e wọ̀, ó ki ìrọ̀rí sábẹ́ rẹ̀ kí ikùn lè yọ, ó wá ń rìn bí kafíìlì ṣe ń rìn, ó ń nàka sókè sódò, ó ń lé dírẹ́bà tí kò sí níbẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Àṣé ẹrù kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fún kafíìlì láti èbúté Jẹ́dà, àbúrò rẹ̀ sì ti fi mọ́tò tirẹ̀ gbé bàbá wá sí Bahra kí ó lè wo ẹrù náà. Bàbá wọ ọ́fíìsì, ó tan tẹlifíṣọ̀n kí ó lè rí géètì rẹ̀. Kò rí géètì. Aṣọ ara rẹ̀, ikùn ara rẹ̀ àti ìrìn ara rẹ̀ ló rí lára dírẹ́bà rẹ̀, pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ nínú búùtù mọ́tò rẹ̀.

Ó fẹsẹ̀ rìn dé pápá. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu gbogbo wọn, àwọn tí kò níwèé ìgbélùú sì ń rọra wọ mọ́tò. Lìádì rò pé eré náà ló wọ̀ wọ́n lára. Ó tún un ṣe, ó fi ikọ́ bàbá kún un. Ìgbà tó yíjú padà ni òun àti ẹni tó ń sín jẹ fojú kanjú.

Kafíìlì kò pariwo rárá, ìyẹn ló sì ba Lìádì lẹ́rù jù. Ó gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀la ni mo fẹ́ fọwọ́ sí ìwé ìyàwó rẹ," ó sọ ọ́ ní Lárúbáwá. "Má ṣèyọnu mọ́. Ìwọ ni yóò lọ bá a."

Lìádì dọ̀bálẹ̀ lórí iyanrìn tòun ti aṣọ ìlékè, ó bẹ̀bẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Kò ràn án. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, wọ́n ti lu òǹtẹ̀ ìlọ-láìpadà sínú ìwé ìrìnnà rẹ̀. Nígbà tó dé Ìwó, tó ro ẹjọ́ rẹ̀ tán, Jẹ̀mílátù bi í léèrè.

"Ṣé kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún yín ni?"

Lìádì sunkún. Wọ́n kìlọ̀ fún un dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, ẹ jẹ́ kó yé yín pé ohun tí wọ́n fi sí wa níkàáwọ́ kì í ṣe tiwa, kò sì yẹ kí a máa fi ṣe fáàrí kiri. Bí ẹni tó mọṣẹ́ bá sọ fún wa pé nǹkan léwu, kí a gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Kí a má sì fi ẹni tó fẹ́ ṣe wá lóore ṣẹ̀sín lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá sì wá di dandan kí ẹ sín ọ̀gá yín jẹ, ẹ kọ́kọ́ pa kámẹ́rà ná.