Ìyá Jẹun Tán, Ó Ní Ebi Ń Pa Òun

Ní agboolé wa ní Ìrágbìjí, obìnrin kan wà tí à ń pè ní Ìyá Gbọ́láhàn. Ó lawọ́, ó láàánú, ṣùgbọ́n kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ dópin kó tó dájọ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ súnmọ́ mi dáadáa, nítorí àìsàn yìí ń ṣe púpọ̀ nínú yín, ó sì ti ṣe èmi náà rí.

Ìyá Gbọ́láhàn ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n kan, Àyìnké, opó tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Iyè Àyìnké ti ra. Kò mọ òní yàtọ̀ sí àná mọ́, kò sì rántí orúkọ ọmọ tó bí. Ojúolápé, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ló ń tọ́jú rẹ̀. Aránṣọ ni. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ojú rẹ̀ lè máa tó ìyá rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti fọ aṣọ tí ìyá tọ̀ sí. Á bu omi lílọ́wọ́ọ́, á máa tu ìyá lójú títí yóò fi gbà kó wẹ òun, nítorí Àyìnké kórìíra omi bí ológbò. Lẹ́yìn náà, á fi òróró pa á lára, á fún un ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, á sì dúró tì í títí yóò fi jẹ ẹ́ tán.

Ṣùgbọ́n ẹnu Àyìnké kì í tíì gbẹ tí yóò fi bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, tí yóò máa ké sí àwọn tó ń kọjá pé, "Ẹ gbà mí o! Láti àná, mi ò tíì fẹnu kan nǹkan. Ọmọ yìí fẹ́ febi pa mí!"

Àánú ṣe gbogbo wa. Ẹnìkan á yọ́ fún un ní àkàrà, ẹlòmíràn á gbé iṣu sísè wá. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé ẹ̀bà fún un. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru, a tún ní Ojúolápé ni kò tọ́jú rẹ̀. Àwa la kó oúnjẹ sí i nínú, òun ló ń fọ aṣọ, àwa náà la tún ń bú u. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ìyá Gbọ́láhàn kò bi ẹnikẹ́ni léèrè nǹkan kan. Ó pe ìpàdé agboolé lọ́jọ́ Àìkú kan. Ojúolápé wọlé, ó kúnlẹ̀ kí wa.

"Má dìde," ni Ìyá Gbọ́láhàn wí. "Ibẹ̀ yẹn ni wàá ti bẹ gbogbo wa. Ìyá tó bí ọ lò ń febi pa! Mò ń gbé e lọ sílé Gbọ́láhàn ọmọ mi ní Ìlọrin. Yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀. Kò ní lè máa ṣagbe lójú títì mọ́."

Ojúolápé dìde. Háà, ọmọ yìí láyà!

"Mo ti kúnlẹ̀ kí yín, mà, ìyẹn tọ́ sí yín. Mi ò ní kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ ohun tí mi ò ṣe. Ilé yìí nìkan ni ẹsẹ̀ màmá mi ṣì mọ̀. Tí ẹ bá tì wọ́n mọ́ yàrá àjèjì, ẹ̀rù ni yóò pa wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ gbé wọn lọ, kó kọ́kọ́ tọ́jú wọn níbí fún ọjọ́ kan péré. Tí wọ́n bá sọ fún ará òde pé ẹ fún àwọn lóúnjẹ, èmi fúnra mi ni màá di ẹrù wọn."

A pariwo lé e lórí. Aláfojúdi, ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́, kò sí ohun tí a ò pè é. Kò yẹsẹ̀. Ìyá Gbọ́láhàn ní òun gbà, ó rò pé iṣẹ́ yẹpẹrẹ ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó dé láàárọ̀ kùtù pẹ̀lú gèlè tuntun lórí. Àyìnké da omi ìwẹ̀ lé e lórí, gèlè rin gbindin. Ojúolápé ń ránṣọ tirẹ̀ lọ, kò wẹ̀yìn. Nígbà tó di ọ̀sán, Ìyá Gbọ́láhàn gúnyán, ó ro ẹ̀fọ́, ó sì gbé odidi itan adìẹ lé e. Àyìnké jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́, ó tún ṣàdúrà fún un. Ìyá Gbọ́láhàn yíjú sí Ojúolápé, ó rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o rí i?"

Ó gbé àwo lọ sẹ́yìnkùlé. Kó tó fọ̀ ọ́ tán, igbe ti sọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ gbà mí o! Obìnrin yẹn gbé iyán mi jẹ lójú mi kòròkòrò!"

Àwọn obìnrin mẹ́ta kan tó ń toko bọ̀ dúró. "Ẹ̀yin àgbà náà?" ni ọ̀kan wí fún Ìyá Gbọ́láhàn. "Ẹ ò tiẹ̀ bẹ̀rù Ọlọ́run!" Ìyá Gbọ́láhàn búra. Ó fi àwo hàn wọ́n, wọ́n ní ṣebí òun ló jẹ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ṣàlàyé títí ó fi bú sẹ́kún, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́.

Ìgbà yẹn ni Ojúolápé tó dìde. Kò bá ìyá rẹ̀ jiyàn rárá. "Ẹ má bínú, mà," ó ní, "oúnjẹ ti wà lórí iná. Ẹ bá mi ṣa ẹ̀wà yìí ná." Ó gbé àtẹ ẹ̀wà síwájú rẹ̀. Àyìnké bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òkúta kúrò, ọ̀rọ̀ ebi sì kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó dárúkọ Ìlọrin mọ́. Ìyá Gbọ́láhàn fúnra rẹ̀ lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má yọ́ fún Àyìnké lóúnjẹ mọ́. Èmi náà tọ Ojúolápé lọ. Mo ní, "Ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́." Mò ń retí kó sọ pé kò burú. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó wò mí lójú.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà, ẹ ṣẹ̀ mí," ó ní. Ó na kànìnkànìn sí mi. "Omi ti gbóná. Ẹ wá bá mi wẹ̀ wọ́n."

Mo gbà á, mo sì ká apá aṣọ mi sókè.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ti òde dájọ́ ẹni tó ń tọ́jú arúgbó. Ẹ wọlé, ẹ bi í léèrè, ẹ bá a gbé garawa. Ìwọ tí wọ́n bá sì parọ́ mọ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ mọ́, bọ̀wọ̀ fágbà, ṣùgbọ́n má tìtorí àgbà gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tìrẹ. Àwọn tó ṣáájú wa ti sọ ọ́, wọn ò sì yọ àgbà kankan sílẹ̀: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.