Bàtà Ẹnu Àtìmọ́lé

"Èèyàn mélòó lẹ tì mọ́lé lónìí, ọ̀gá?" Akọ̀wé tí ìjọba rán wá ka àwọn tó wà látìmọ́lé ní àgọ́ ọlọ́pàá kan ní Ìgándò ti mú bírò lọ́wọ́.

"Kò sẹ́nì kankan, mà. Ẹ wá fojú ara yín rí i."

Lóòótọ́, yàrá àtìmọ́lé ṣófo, òórùn òógùn nìkan ló kù níbẹ̀. Ó kọ òdo sínú fọ́ọ̀mù, ó buwọ́ lù ú, ó sì gbé e fún ọlọ́pàá náà.

Bó ṣe ń jáde ló rí òkìtì bàtà níbi tí wọ́n ti máa ń ní kí àwọn tí wọ́n bá mú bọ́ tiwọn.

"Àwọn tó ni bàtà yìí ńkọ́?"

"Ṣé bàtà ni wọ́n ní kẹ́ ẹ wá kà ni? Ẹ máa lọ jàre."

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n. Sálúbàtà tó wà lókè yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló fi òwú pupa rán an láàárọ̀ àná fún àbúrò rẹ̀ tí kò tíì wálé.

Ó nawọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ọlọ́pàá ti lu òǹtẹ̀ mọ́ òdo náà.