Okùn Tí Àbíkẹ́ So

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ gbọ́ ti Àbíkẹ́. Èbúté Ọ̀pẹ, létí ọ̀sà, ni wọ́n fẹ́ ẹ sí. Ó mọṣẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n ìwàǹwára rẹ̀ pọ̀ jù: bó bá gbé iṣu kaná, kí omi tó hó, ó ti ń ṣí ìkòkò wò. Ìyá rẹ̀ ń gbé ní òdìkejì ọ̀sà. Láràárọ̀ ni Àbíkẹ́ ń rí èéfín ibi tí ìyá ti ń yan ẹja, ọkàn rẹ̀ a sì fà sí i. Oṣù kẹsàn-án nìyí tí wọn kò tíì fojú kan ara wọn.

Ọkọ rẹ̀ wà lójú òkun, àsìkò ẹja kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ráyè gbé e sọdá. Ó bá tọ Bàbá Akíngbadé, àgbà atukọ̀, lọ pé kí ó kọ́ òun ní wíwa ọkọ̀ ìgbòkun, ọkọ̀ aláṣọ tí atẹ́gùn ń gbé lọ. Àṣà ibẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò lo oṣù kan lórí bí a ti ń ká ìgbòkun, kí ó tó kọ́ bí a ti ń ta á. Wọn a tún mọ̀ọ́mọ̀ dojú ọkọ̀ rẹ̀ dé létí omi, kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ yí i padà.

"Bàbá, ẹ má bínú, ta ní ń kọ́ dídúró kó tó kọ́ lílọ?"

"Ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀ ni, ọmọ mi. Má so okùn ìgbòkun mọ́ ọkọ̀ láé. Ọwọ́ rẹ ni kó wà, kí o lè jù ú sílẹ̀ bí atẹ́gùn bá le. Bí ọkọ̀ bá sì dojú dé, dì í mú. Ẹni tó bá fi ọkọ̀ sílẹ̀ ló ń rì."

Ní ọjọ́ kọkànlá ẹ̀kọ́ náà, ara Àbíkẹ́ kò gbà á mọ́. Ó wọ ọkọ̀, ó ta ìgbòkun láìsọ fún ẹnì kankan, ó sì kọrí sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Nígbà tó kọjá àárín ọ̀sà, okùn ti bó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó bá so ó mọ́ ìdí ọkọ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá péré, ó ti gbọ́n ju olùkọ́ rẹ̀ lọ!

Ó ti ń rí gèlè pupa ìyá rẹ̀ létí omi. Ó dìde, ó ń juwọ́. "Ìyá mi o! Èmi rèé o!" Ni atẹ́gùn líle kan bá fẹ́ lójijì. Ó na ọwọ́ sí okùn, ìdè náà kò tú. Ọkọ̀ dojú dé.

Ó wù ú kó lúwẹ̀ẹ́ lọ bá ìyá rẹ̀. Ó wù ú gan-an. Ṣùgbọ́n ó rántí ọ̀rọ̀ Bàbá, ó di ọkọ̀ mú, ó ń sunkún bí ìgbì ti ń gbé e padà síbi tó ti wá. Àwọn apẹja tó ń sá fún ìjì bọ̀ wá sí Èbúté Ọ̀pẹ ló gbé e sílé.

Lọ́jọ́ kejì, òjò dé, àwọn àgbà sì ti ọ̀nà omi. Oṣù mẹ́ta ni Àbíkẹ́ fi ń wo èéfín ìyá rẹ̀ lókèèrè. Ó ń ká ìgbòkun, Bàbá ń dojú ọkọ̀ rẹ̀ dé, kò sì ráhùn mọ́.

Nígbà tí òjò dá, ó sọdá, okùn ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra, ó sì wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ọwọ́ rẹ mà bó, ọmọ mi."

"Ẹ jẹ́ ó bó, Ìyá mi. Òun ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín."

Ẹ̀yin ọmọ, bó ti wù kí ohun kan wù yín tó, ẹ fara balẹ̀ kọ́ ọ̀nà rẹ̀. Okùn tí ìkánjú mú kó so ló sọ ìrìn àárọ̀ kan di oṣù mẹ́ta fún Àbíkẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.