Àgbàdo Tó Ń Fi Ewé Jẹun

Iṣẹ́ ọ́fíìsì Ìbẹ́jú-Lẹ́kìí ti sú Akínwùmí. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló kù tó wù ú, àgbẹ̀ olóye, irú èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn dun èèyàn. Waliyat ìyàwó rẹ̀ kò bá a jà. Ó ní kó gbin àgbàdo sí ẹ̀yìnkùlé wọn l'Ájà ná. Bó bá yọmọ, kó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Bí kò bá yọmọ, kó máa jí lọ síbi iṣẹ́ bíi gbogbo ọkọ ọlọ́kọ, kí òun sì máa gbé mọ́tò òun sórí ilẹ̀ náà.

Iyanrìn funfun gbáà ni ẹ̀yìnkùlé ọ̀hún. Èyí kò da Akínwùmí láàmú, ó ti wo fídíò tó pọ̀ lórí fóònù.

"Ta ló ń bá iyanrìn sọ̀rọ̀?" ó ní. "Ewé ni mo máa bọ́. Ewé ní ẹnu wẹ́wẹ́ lára. Tá a bá ti fọ́n oúnjẹ sí i, á gbé e mì."

"Gbòǹgbò ńkọ́, Bàbá Fikáyọ̀?" Waliyat bi í. "Ṣé ẹ fẹ́ kó máa gbààwẹ̀ ni?"

Akínwùmí rẹ́rìn-ín àánú. Kí lèèyàn fẹ́ bá ẹni tí kò wo fídíò sọ?

Láràárọ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́, á pọn ẹ̀rọ ìfọ́noògùn sẹ́yìn, á wọ ìbọ̀wọ́, á máa fọ́n oúnjẹ olómi sára ewé bí ẹni ń fún ọmọ ìkókó lóògùn. Nígbà tójò rọ̀ dáadáa, àgbàdo gbéra. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri Alájì Fuad, aládùúgbò wọn, dúdú minimini, wọ́n ga ju ògiri lọ. Àwọn tó wà lápá géètì ń pọ́n rúsúrúsú, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ. Akínwùmí ní ariwo jẹnẹrétọ̀ ni kò jẹ́ kí tọwọ́ géètì ráyè jẹun.

Waliyat ní òun ń gbóòórùn kan.

"Òórùn oúnjẹ ewé ni," ọkọ rẹ̀ ní. "Ìmọ̀ kì í rùn bíi lọ́fíńdà."

Sókàwé wọn kún, bó ṣe máa ń kún lásìkò òjò, wọ́n sì pe ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́. Dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ya fọ́tò pẹ̀lú àgbàdo náà.

"Ọ̀gá, ṣé Alájì tẹ̀gbẹ́ yín ti kó lọ ni? Wọn ò pè wá látìgbà tójò ti bẹ̀rẹ̀."

Akínwùmí ní wọn ò kó lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé ẹnu ewé fún un.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn oko náà tó Alájì Fuad. "Ẹnjiníà, ẹ ṣáà máa bọ́ wọn o!" ló máa ń ké sí Akínwùmí lórí ògiri. "Ẹ má ro ilẹ̀ ibẹ̀ o. Ṣebí ewé lẹ ní ó ń jẹun, kí lẹ fẹ́ fọkọ́ ṣe?"

Inú Akínwùmí dùn pé ọ̀rọ̀ òun tiẹ̀ yé ẹnìkan.

Àgbàdo yọmọ, ọmọ tó tóbi. Ó pe gbogbo àdúgbò, wọ́n sun ún, wọ́n fi àgbọn jẹ ẹ́, wọ́n ń lá ìka. Alájì Fuad ṣàdúrà gígùn sí i, ṣùgbọ́n kò fẹnu kàn án. Ó ní eyín ń dun òun, ó sì jẹ adìẹ teegunteegun. Waliyat jẹ àgbàdo méjì, ó tún na ọwọ́ sí ẹ̀kẹta.

"Mo gbà fún yín," ó ní.

Ojú gbogbo wọn ni Akínwùmí ti tẹ̀wé ìfiṣẹ́sílẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ti Alájì Fuad ló dún jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí àgbẹ̀ olóye fọwọ́ kan ọkọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti hú pòròpórò ẹ̀gbẹ́ ògiri, ọkọ́ rẹ̀ kan ẹnu páìpù kan tó gba abẹ́ ògiri wọlé láti inú sókàwé Alájì Fuad, tó rọra ń da oúnjẹ sí ìdí gbòǹgbò àgbàdo, láìwo fídíò kankan.