Ooru Ògiri Sìkírátù

Ìsẹ́yìn ni mo wà báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ yẹn ní New Bell, àdúgbò tí mo gbé nílẹ̀ òkèèrè, kò tíì kúrò lójú mi.

Òjò ń rọ̀. Fóònù mi ń dún.

Fùwàd ni, ọmọ Sìkírátù, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìràwọ̀ ní Jámánì.

"Ìyá Àsàmáù, màmá mi ò gbé fóònù láti àárọ̀."

Ògiri kan ló la èmi àti Sìkírátù láàárín, ààrò rẹ̀ sì fara tì í. Bí mo bá ti fọwọ́ kan ògiri náà tó gbóná, mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ mi ti jí.

Mo fọwọ́ kàn án.

"Ó gbóná. Ẹ̀wà ló ń sè. Jẹ́ kó ráyè se ẹ̀wà ẹ̀, jàre!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ tèmi gan-an nìyẹn! Ooru là ń wá lójú ọ̀run. Bí àwọn ẹ̀dá kan bá ń ṣiṣẹ́ ńlá lọ́hùn-ún, ooru iṣẹ́ wọn á tú jáde. Kò ṣeé fi pamọ́."

"Ṣé ẹ ti rí wọn?"

"Rárá. Ká tiẹ̀ ní a rí i, ooru náà á ti pẹ́ lọ́nà. Ó lè jẹ́ pé àwọn tó ni ín ti..."



Mo tún fọwọ́ kan ògiri.

"Ìyá, ẹ bá mi kan ilẹ̀kùn."

Mo kàn án. "Sìkí! Sìkírátù o!"

Òórùn ẹ̀wà tó ń jóná nìkan ló jáde wá.

Àwọn ọlọ́kadà bá mi já ilẹ̀kùn.

Èédú ṣì pọ́n. Sìkírátù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ti tutù.

"Ìyá, ṣé ó ṣì gbóná?" Fùwàd ló ń béèrè lórí fóònù.



"Ògiri ṣì gbóná, ọmọ mi."