Nọ́ọ̀tì Ẹsẹ̀ Ọ̀tún

Ìgbà kẹta tí mọ́tò pupa náà máa wọ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì Ìyá Sípánà nìyí, àrùn kan náà ló sì gbé wá. Ọkùnrin tó ni ín kò tíì pa ẹ́ńjìnnì tó fi ń sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé. Ó ní bí òun bá ti tẹ iná mọ́ ọn díẹ̀, á máa fì sọ́tùn-ún, á máa fì sósì, bí ẹni tí ọtí ń pa.

"Ìyá Sípánà, ṣé ẹ mọ iṣẹ́ yìí ṣá?" ó bi í. "Mọ́tò tó máa ń sá bí ọta ìbọn! Àwọn ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ ló ń kọjá lára mi báyìí."

Ìyá Sípánà fi àkísà nu ọwọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń jẹun lábẹ́ mọ́tò, kò sì sí ohun tó ń bí i nínú bíi kí ọkùnrin máa bi í bóyá ó mọ iṣẹ́.

Ìyàwó ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó tú bẹ́líìtì àwọn ọmọ méjì tó wà lẹ́yìn, ó kó wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ojú ọgbẹ́ kan wà níwájú orí èyí tó jẹ́ àbúrò, wọ́n ti rán an, ó ti jinná. Obìnrin náà rọra bèèrè bóyá mọ́tò náà ṣì lè sáré bíi ti tẹ́lẹ̀ tí wọ́n bá tún un ṣe.

"Á sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ," ni Ìyá Sípánà wí. "Fọkàn balẹ̀."

Obìnrin náà wolẹ̀.

Ìyá Sípánà wọn afẹ́fẹ́ táyà, ó pé. Ó fi jáàkì gbé iwájú sókè, ó di ẹsẹ̀ ọ̀tún mú lókè àti nísàlẹ̀, ó mì í, kò yẹ̀. Ó wá dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ó tún mì í. Ó dún kọ́, kọ́. Ó wọ abẹ́ rẹ̀ lọ.

Níbi irin tó so sítíárì mọ́ ẹsẹ̀ náà, nọ́ọ̀tì tó fọwọ́ ara rẹ̀ dì ti tú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé mọ́tò náà wá, ó bú kòtò ojú ọ̀nà. Lẹ́ẹ̀kejì, ó bú ẹni tó ta nọ́ọ̀tì, ó ra tuntun, ó sì fi ọ̀dà funfun fa ilà kọjá lórí nọ́ọ̀tì àti irin, kó lè mọ̀ bó bá yí. Ilà náà ti já sí méjì. Etí nọ́ọ̀tì ti họ, bí ìgbà tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò fi sípánà tó tóbi jù yí i.

Kòtò kì í lo sípánà.

Ó gbọ́ tí ọkùnrin náà ń sọ lórí fóònù pé lọ́la ni òun máa gbé ìdílé òun lọ sọ́dọ̀ màmá òun, ọ̀nà jíjìn ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣáà tún mọ́tò ṣe, oòrùn kò ní tíì mú tí àwọn á fi débẹ̀. Ọkùnrin náà sọdá títì kó lè gbọ́ fóònù dáadáa. Ìyá Sípánà di nọ́ọ̀tì náà pinpin, ó jáde, ó pe obìnrin náà sẹ́yìn mọ́tò.

"Ìyàwó mi, ẹnì kan ń tú nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọ̀tún," ó wí. "Tó bá tún tú u lónìí, ẹsẹ̀ yìí lè yọ lọ́la lórí eré, ìwọ àtàwọn ọmọ á sì wà nínú rẹ̀. Ta ló ní sípánà nílé yín?"

"Ọkọ mi."

"Mo ti rò ó bẹ́ẹ̀." Ìyá Sípánà bojú wo òdìkejì títì. "Má wọ mọ́tò yìí lọ́la. Kó àwọn ọmọ ẹ, kẹ́ ẹ wọ bọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ òun àti èmi kò ní tán síbí."

Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a wí," ó ní, "èmi ni mò ń tú u, torí ìgbà tí mọ́tò bá ń fì nìkan ni ọkọ mi kì í gbé wa sáré àsápajúdé."